Bàbá Mojí Nínú Báàgì

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé. Èmi àti Mojí, ọmọ mi tó fẹ́ lọ sí yunifásítì ní Kánádà, la wà ní pápákọ̀ òfuurufú lójú àlá. Obìnrin tó ń wọn ẹrù ní báàgì Mojí ti wúwo jù, ká yọ nǹkan kan kúrò. Mo fa síìpù. Bàbá Mojí ló ká ara ẹ̀ jọ sáàárín gààrí àti ẹja gbígbẹ, ó wọ kóòtù tó fi gbé mi níyàwó. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó ń fi bàtà tẹ èlùbọ́ tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan sá.

Mo ní, “Bàbá Mojí, jáde níbẹ̀.”

Ó ní, “Ta ni á máa jí i láàárọ̀ lọ́hùn-ún? Fa síìpù yẹn padà.”

Mojí ní, “Màámi, ẹ yọ gààrí.”

Mo bá ń da gààrí sílẹ̀, kò tán, ó mù mí dé orúnkún, obìnrin yẹn ṣì ń sọ pé ó ku díẹ̀.

Mo ta jí. Bàbá Mojí ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Pálọ̀ ni mo ti bá a, ó jókòó lórí báàgì ọmọ. Ó ní síìpù ni kò fẹ́ pa dé. Mo wò ó, síìpù ti pa dé tipẹ́.