Àpótí Mildura

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni fíríìjì ilé ìwòsàn erékùṣù wa kú. Bátìrì tó ń gba agbára oòrùn ló bàjẹ́, kò sì sí òmíràn. Inú fíríìjì náà ni igo oògùn mẹ́rin wà, èyí tí ìyàwó mi, Nei Kaotinta, ìyá Bwenata ọmọ wa, ń gún sára nítorí àtọ̀gbẹ. Bí kò bá gún un, kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ ojú omi tí yóò kó òmíràn wá láti Tarawa, olú-ìlú wa, ku ọ̀sẹ̀ méje. Ọkọ̀ òfurufú kò balẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti oṣù kejìlá.

Nọ́ọ̀sì Merewita kó àwọn igo náà fún mi pẹ̀lú tẹmómítà kékeré kan. Ó ní kí n fi garawa sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú kànga wa, nítorí omi ibẹ̀ kì í kọjá ìwọ̀n ooru méjìdínlọ́gbọ̀n, ọ̀sán àti òru. Kò tutù tó, ó ní, ṣùgbọ́n kò ní í gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá oògùn náà á lo oṣù kan àbọ̀ kó tó bàjẹ́.

Mo sọ fún un pé mo mọ ohun tó sàn jù. Ọdún méjì ni mo fi ká èso àjàrà ní Mildura, nílẹ̀ Ọsirélíà. Bàbá arúgbó kan níbẹ̀ ní àpótí onígi tó fi àpò ìdọ̀họ bò. Omi ń kán sórí àpò náà látinú agolo, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ìta gbóná dé méjìlélógójì, mo fojú ara mi rí mẹ́tàlélógún nínú àpótí yẹn.

Nọ́ọ̀sì wò mí. “Nígbà tí ẹ ń ká èso lọ́hùn-ún, ṣé òógùn máa ń ro lára yín?”

Mo ní rárá, kó tó ro ni afẹ́fẹ́ ti gbà á lọ. Iyọ̀ nìkan la máa ń rí lára ẹ̀wù.

“Níbí ńkọ́?”

Ẹ̀wù mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

“Omi tó ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ, Tekaai. Afẹ́fẹ́ tiwa ti mu omi yó. Kò ráyè gba tìẹ.”

Mo kan irú àpótí náà lọ́jọ́ kejì, mo sì kó oògùn láti inú kànga sínú rẹ̀. Ten Ruateki, bàbá ìyàwó mi, jókòó sórí ẹní, ó ń wò mí.

“Ará Ọsirélíà,” ó ní, “ọjọ́ wo lo máa gbin àjàrà fún wa?”

Mo rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ìta jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, inú àpótí jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kànga sàn jù ú lọ. Ó yẹ kí n dá oògùn padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ni kò tó. Nírọ̀lẹ́ mo gbé àpótí lọ sí etí òkun níhà ìlà oòrùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gan-an, tí òjìji igi àgbọn sì bò ó. Ní ìdájí mo rọ omi kún agolo, mo sì wa ọkọ̀ lọ dẹ ẹja.

N kò ro oòrùn àárọ̀. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, agolo ti gbẹ, àpò ti gan. Àádọ́ta ni tẹmómítà náà parí sí, pupa rẹ̀ sì ti gun dé òkè pátápátá. Nínú igo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nǹkan funfun bí òwú ń léfòó.

Nọ́ọ̀sì gbé ìkan sókè sí ìmọ́lẹ̀. “Ẹyin tí wọ́n bá ti sè kì í padà di tútù,” ó ní. Kò bú mi. Ó pe Tarawa lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

A ṣì gún un. A fi kún ìwọ̀n rẹ̀, kò ran nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì Kaotinta mu omi garawa kan àbọ̀, òùngbẹ kò sì yéé gbẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó ń mí bí ẹni tó sáré, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Bàbá rẹ̀ kò pè mí ní ará Ọsirélíà mọ́. Kò pè mí ní ohunkóhun.

Mo jókòó ti Kaotinta, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó la ojú.

“Bàbá Bwenata, ọkọ̀ ku ọjọ́ mélòó?”

Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì ni. Mo ní kò ní í pẹ́ dé.

“Ẹ kì í purọ́ fún mi tẹ́lẹ̀,” ó ní, ó sì yí ojú sí ibi tí garawa omi wà.