Oògùn Àyà

Ilé ìtajà oògùn mẹ́rin ni Tíṣà Rúùtù wọ̀ ní Ìlọrin nítorí oògùn ajá rẹ̀, èsì kan náà ni gbogbo wọn fún un: "Kò sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò Sáàpù dé, tí ọjà òkèèrè ti wọ́n, a ò rí i mọ́." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a kiri, ọwọ́ òfo ló gbé padà sí Òmù-Àrán. Ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú nínú ni pé ogún hóró ṣì wà nínú ìgò nílé.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀, ajá ọdún mọ́kànlá yìí, nìkan ló ń bá a gbélé. Dókítà ẹranko ti ṣàlàyé fún un pé àárẹ̀ ti mú àyà ajá náà, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa mọ́. Oògùn yìí ló ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ kí iṣẹ́ lè fúyẹ́ fún àyà náà. Ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́, kò sì gbọdọ̀ já.

Bùkárì ọdẹ, aládùúgbò rẹ̀, ló fi ajá àti ìgò náà sílẹ̀ fún. Kíákíá ló sọ̀rọ̀, nítorí ọkọ̀ ti ń pè: "Bàbá Fulera, oògùn àyà nìyí o. Ẹ má jẹ́ kó já."

Nígbà tó padà dé, ìgò òfìfo ló bá lójú fèrèsé Bùkárì.

"Tíṣà, ẹ kú àbọ̀! Oògùn yín yẹn, wàláì, kò jẹ́ rárá."

"Kò jẹ́ báwo?"

"Ṣebí ẹ ní oògùn àyà ni. Àwọn ajá mi mẹ́ta tó máa ń sá fún ìmàdò ni mo fún, márùn-ún márùn-ún. À ń dé igbó Rore báyìí, gbogbo wọn nà gbalaja, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dìde! Èmi náà gbé méjì mì kí n lè dúró de ẹran, òòyì kọ́ mi dé ìdí igi ẹmì. Mẹ́ta tó kù, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi ní Ìsánlú-Ìsin."

"Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀ ńkọ́? Mélòó lẹ fún un?"

"Arúgbó yẹn? Ta ló fẹ́ bá jà tí yóò fi nílò àyà?"

Rúùtù bínú sí Bùkárì, ó bínú sí Sáàpù, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló bínú sí jù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ìtumọ̀ méjì, òun náà ló wá la ẹnu gbàgà sọ "oògùn àyà" fún ọdẹ! Kí ló dé tí kò sọ pé àìsàn ni?

Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi, ikùn rẹ̀ wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí Rúùtù, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, kò lè dìde. Rúùtù jókòó sílẹ̀, ó fa ọwọ́ Bùkárì, ó gbé e lé ìhà ajá náà.

"Àyà tí mo wí nìyí, Bàbá Fulera. Èyí tó ń lù yìí."

Ojú Bùkárì yí padà. "Yéè! Ó ń sáré, ajá yìí ò sì kúrò lójú kan." Ó ní òun á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìsánlú-Ìsin nísinsìnyí, òun á gba mẹ́ta yẹn padà.

"Ẹ jókòó," ni Rúùtù wí. "Ẹ má gbé ọwọ́ yín kúrò."

Wọ́n jókòó tì í. Nígbà tó ṣe, Bùkárì gbójú sókè wò ó.

"Tíṣà," ó ní, "kò lù mọ́."