Àtùpà Ọwọ́ Òsì

Téèyàn bá máa jẹ́wọ́, kó tètè jẹ́wọ́. Màmá Káàdì mọ ọ̀rọ̀ yìí, ó fi ń gba àwọn oníbàárà rẹ̀ nímọ̀ràn, àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo káàdì táróò, káàdì aláwòrán tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ iwájú, fẹ́ dá a lọ́lá lọ́jọ́ náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń yan ẹnì kan tó ti gbé iṣẹ́ wọn ga, àṣà wọn sì ni pé ẹni náà máa mú káàdì kan, á túmọ̀ rẹ̀ níwájú èrò, kó tó gba àmì ẹ̀yẹ. Káàdì méjìdínlọ́gọ́rin tó gbé jáde lórúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ yàn án, pàápàá Bàbá Alátùpà, arúgbó tó ń dá rìn nínú òkùnkùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni àtùpà máa ń wà nínú káàdì àwọn ẹlòmíì. Nínú tiẹ̀, ọwọ́ òsì ni. Ogún ọdún ló fi ń kọ́ wọn pé ọwọ́ òsì ni ọwọ́ ọkàn. Wọ́n ti kọ ìwé lé e lórí.

Irọ́ gbuu ni. Ọkọ rẹ̀, tó ń kun ilé fún oníléelé, ló ya gbogbo káàdì náà lórí tábìlì ìdáná lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Nígbà tó kan Bàbá Alátùpà, kò rí ẹni jókòó fún un, ló bá gbé dígí tó fi ń fá irùngbọ̀n síwájú, ó fọwọ́ ọ̀tún gbé àtùpà, ó ya ara rẹ̀. Dígí ló gbé àtùpà sọ́wọ́ òsì. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé béèrè orúkọ tó máa wà lára páálí, ìyàwó sọ tirẹ̀, torí òun làwọn oníbàárà mọ̀. Ọkọ ní kò burú, ṣé orúkọ òun ló máa bá wọn wo káàdì ni.

Ní báyìí, ìgbàgbé ti ń gbé bàbá, ọkọ rẹ̀, lọ. Dókítà ní kò ní sàn ju báyìí lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, iyè rẹ̀ sọ. Ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì.

"Aláròyé," bó ṣe máa ń pe ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, "ta la fẹ́ lọ yẹ́ sí?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ máa gbọ́ níbẹ̀."

Ó yẹ kó ti sọ fún un. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ: ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́. Àmọ́ ìta gbangba ló ti gba iyì oníyì, ìta gbangba ló fẹ́ ti dá a padà.

Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, alága ẹgbẹ́ fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni pé òun ni wọ́n ń yẹ́ sí. Bàbá jókòó níwájú pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin. Nígbà tó kan Màmá Káàdì, kò po káàdì. Ó ṣà á ni, ó gbé Bàbá Alátùpà sókè.

"Ọwọ́ òsì yìí ò ní ìtumọ̀ kankan. Dígí ni ọkọ mi wò. Òun ló ya gbogbo ẹ̀, mo fi orúkọ mi bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun ló yẹ kẹ́ ẹ dá lọ́lá."

Ẹnì kan dìde, gbogbo wọn dìde, àtẹ́wọ́ sọ. Bàbá náà dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan, ó ń yí ọrùn wẹ̀yìn kó lè rí ọkùnrin tí wọ́n ń yẹ́ sí.

"Bàámi, ẹ̀yin ni," ọmọ rẹ̀ sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n ṣì mú.

Màmá Káàdì sọ̀ kalẹ̀, ó kó àmì ẹ̀yẹ àti káàdì lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá ò wo àmì ẹ̀yẹ. Ó gbé káàdì súnmọ́ ojú, ó rọra fi àtàǹpàkò ra àtùpà náà.

"Ẹni tó ya èyí wo dígí ni," ó sọ. "Ó gbàgbé láti yí ọwọ́ padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbàgbé," ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Ó mọ iṣẹ́, ṣá. Ẹ bá mi kí i, màmá."

Ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní màmá rí. Màmá Káàdì nu ojú ara rẹ̀, ó ní òun á bá a kí i.