Ọ̀jọ̀gbọ́n Fi Orí Kẹta Mi Bora

Bísí, wọ́n lé mi kúrò ní yunifásítì ní ìdájí òní, lójú àlá. Orúkọ mi ló wà lára pátákó: iṣẹ́ ìwádìí mi fún oyè ọ̀mọ̀wé kò tẹ̀síwájú tó. Ọdún márùn-ún gbáko! Mo yára kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ni kò ka orí kẹta láti èṣí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dá ìwé náà padà.

"Àǹtí, ọ̀jọ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ buwọ́ lù ú."

"Òun kẹ̀! Ṣebí òun ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí."

Inú àpótí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó sì fi orí kẹta mi bora.

"Ọmọ mi, má ṣí i kúrò lára mi. Òtútù ń mú mi."

Mi ò mọ ohun tó dé tí àánú rẹ̀ fi ṣe mí. Mo ti àpótí náà pa. Nígbà tí mo jí, ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ lójú àlá náà ni mo ṣì ń rò.

Ó ní aago mẹ́wàá òní ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó, àti pé bí ìbuwọ́lù kò bá sí, wọn ò ní pe orúkọ mi rárá.