Ẹsẹ Tí Màámi Fi Pamọ́

Bí màámi, Màmá Harriet, bá ṣe orin tuntun fún Ìkórè, ẹ ò lè gbọ́ ẹsẹ ìkẹyìn lẹ́nu wọn títí ọjọ́ ìsìn á fi pé. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ yòókù máa ń rán amí wá síbi tí a ti ń kọ́ orin. Amí kẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Gbogbo àdúgbò Ìgbẹ̀ìn ló mọ ìwà wọn yẹn.

Lọ́dún yìí, wọ́n ti kọ́ ẹgbẹ́ wa ní ẹsẹ méjì nínú mẹ́ta kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù wọ́n, nígbà tí Ìkórè ku oṣù mẹ́ta. Ẹsẹ̀ wọn gbádùn, ẹnu wọn ló kọ̀, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Kò sí "Christianah!" tí wọ́n fi ń pè mí mọ́, kò sí àdúrà, kò sí ẹjọ́ wẹ́wẹ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ó sú mi pátápátá.

"Màmá, amí wo lẹ tún ń sá fún báyìí?" Inú bí mi débi pé mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú kojú.

Ọjọ́ Ìkórè pé. A fi màámi jókòó síwájú. Pamílẹ́rìn, ọ̀gá akọrin, ní tí a bá ti kọ ẹsẹ kejì tán, ká padà sí ti àkọ́kọ́. A kọ ọ́ tán. Bí a ṣe fẹ́ padà báyìí, ohùn híha kan jáde níwájú:

"Iṣu mi ò tó ti ará Ọ̀dẹ̀dá,
Àgbàdo mi ò kún agbọ̀n;
Ọpẹ́ tí mo rù ló wúwo lórí,
Olúwa, bá mi sọ̀."

Yéè! Màámi ló ń kọ ẹsẹ tí wọ́n fi pamọ́! Ẹnu tí kò lè bèèrè omi! Ọwọ́ Pamílẹ́rìn dúró sókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè, àwọn ọ̀dọ́ gbé fóònù sókè. Màámi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo wa ti gbà á lẹ́nu wọn.

Mo sáré bá wọn. "Màmá, ẹ pè mí! Ẹ sọ̀rọ̀!"

Ètè wọn gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àfi bí ọgbọ́n kan ṣe sọ sí mi lọ́kàn.

"Ó dáa, ẹ fi orin pè mí."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ohùn orin ọpẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e gbà:

"Christianah, omi ìwẹ̀ mi gbóná jù,
Oṣù mẹ́ta lo fi ń bó mi!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ìjọ. Èmi ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo fi orin náà dá wọn lóhùn: ẹ má bínú, màámi. Kí n tó dìde, wọ́n tún ti gbé orin. Ó kan ẹjọ́ ọbẹ̀ mi.