Kajú Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wàrà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó dùn, ẹ má wo ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ gbóòórùn. Monínúọlá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, níbi tó ti ń gé èso tà láti ọdún mọ́kànlá. Obìnrin náà mọ èso. Tó bá fi àtàǹpàkò tẹ ìbẹ́pẹ lẹ́ẹ̀kan péré, á sọ fún ọ bóyá òní ni wàá jẹ ẹ́ tàbí ọ̀la, kò sì ní í ṣì í. Mi ò gbè é o, ẹni tó bá ti ra èso lọ́wọ́ rẹ̀ ní Adó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn, kò sí Sátidé kan tí kò gbé kúlà èso lọ sí Ìjan-Èkìtì fún ìyá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà. Òjò ìbáà rọ̀, owó mọ́tò ìbáà wọ́n. Màmá á ki ọwọ́ bọ inú kúlà láìwò ó, á máa jẹ, á máa sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Tó bá jẹ tán, á ní ó ṣeun. Ó parí nìyẹn. Kò pe aládùúgbò kankan wá wò ó rí.

Àfi bí Pẹ̀lúmi, àbúrò Monínúọlá, ṣe kó dé láti Èkó lọ́dún tó kọjá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìpanu sórí pákó fún àwọn olówó: kìlíṣí níhìn-ín, sọ́séèjì lọ́hùn-ún, wàrà, ẹ̀pà, bísíkíìtì, èso láàárín wọn. Ó ní orúkọ òyìnbó kan tó ń pè é, Monínúọlá sì kọ̀ jálẹ̀, kò mọ̀ ọ́n pè. Fọ́tò kan péré ni Pẹ̀lúmi fi ránṣẹ́ sí Màmá lórí Wọ́sáàpù, ni Màmá bá fi han gbogbo ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Fọ́tò lásán o! Ẹni tó ń gbé èso gidi bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tí àádọ́rin ọdún Màmá wá kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó pe Monínúọlá lórí fóònù. Ó ní Pẹ̀lúmi ló máa ṣe pákó ìpanu tí wọn yóò gbé síwájú àlejò, kí Monínúọlá bá a gé èso díẹ̀ sí i.

Bá a gé èso díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ta á lára bí ata. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́: ó ń jowú. Pẹ̀lúmi tí àǹtí bàbá wọn mú lọ sí Èkó kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé Kérésì ló ń gbé e wálé, tí kò pọnmi fún Màmá rí! Ohun kan ṣoṣo ni Monínúọlá ń fẹ́: kí Màmá yin òun lójú ènìyàn, lẹ́ẹ̀kan péré, bí wọ́n ṣe ń yin ẹni tó dé lánàá.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nínú ogún ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n kó síwájú rẹ̀, mẹ́ta ló mú. Ó tẹ àgbálùmọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ara rẹ̀ ti là, ó dá a padà. Ó ra kajú pupa mẹ́wàá sọ́tọ̀, nítorí Màmá fẹ́ràn kajú, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti pákó. Inú kúlà Màmá ló ń lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, Pẹ̀lúmi gbé pákó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Monínúọlá gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó fi aṣọ mímọ́ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ kó má baà rin bísíkíìtì. Ó fi òróró díẹ̀ pa ọ̀bẹ kí oje àgbálùmọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ó là á ní ìbú kí ojú inú rẹ̀ lè hàn. Pẹ̀lúmi ń wò ó, ó ń yìn ín. Ìyìn yẹn ò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ létí, ẹnu Màmá ló fẹ́ kó ti jáde.

Pẹ̀lúmi wá to wàrà sáàárín pákó, ó sún sẹ́yìn, ó ní ojú ibẹ̀ ti funfun jù, ó ń fẹ́ nǹkan pupa tó máa yí i ká.

"Ẹ̀yin lẹ mọ èso, Àǹtí Moní," ó ní. "Ẹ bá mi yàn án."

Ojú Monínúọlá sì lọ sórí kajú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú ló kù tí kò mọ̀ pé a kì í jẹ kajú pọ̀ mọ́ mílíìkì. Wọ́n ní ó ń pa ni. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, èmi ò tíì rí ẹni tó dán an wò níṣojú mi. Kí sì ni wàrà bí kò ṣe mílíìkì tó dì? Nígbà tí Monínúọlá jẹ́ ọmọ ọdún méje, ó jẹ kajú tán, ó mu tíì onímílíìkì lé e. Màmá gbé e pọ̀n, ó sáré láìwọ bàtà lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń da epo pupa sí i lọ́fun lójú ọ̀nà. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí kajú bá ti dé ni Màmá ń kìlọ̀ fún un. Pẹ̀lúmi ò tíì dáyé nígbà náà. Èkó tó sì gbà lọ lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó sọ fún un níbẹ̀.

Ìlara wá ro ẹjọ́ fún Monínúọlá. Kò sẹ́ni tó máa kú, ó ní, nítorí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Wọn á rí i, wọn á ká ọwọ́ kò, wọn á ní ọmọ Èkó ò mọ nǹkan kan. Màmá á wá mọ ẹni tó mọ èso.

Ó yọ ọmọ kajú kúrò, ó rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ kó má baà máa há ọ̀fun, ó gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó gé e dáadáa, mi ò lè purọ́.

"Kajú ni kó o fi yí i ká," ó ní.

Orí itan Monínúọlá ni pákó náà wà láti Adébáyọ̀ dé Ìjan. Pẹ̀lúmi ń wakọ̀, ó ń dúpẹ́, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé, òní ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Ìka lásán ni Monínúọlá nílò láti fi ṣa kajú kúrò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbé ọwọ́, ó tún rántí fọ́tò orí Wọ́sáàpù, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Pálọ̀ Màmá ti kún nígbà tí wọ́n dé, olùkọ́ àtijọ́ ni gbogbo wọn. Pẹ̀lúmi gbé pákó sórí tábìlì, ó ṣí aṣọ orí rẹ̀, ẹnu ya gbogbo ilé. Ló bá yọ káàdì kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ó ní kí Màmá kà á. Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì:

"Gbogbo èso orí pákó yìí, ẹ̀gbọ́n mi Monínúọlá ló yàn án, òun ló gé e. Kò sẹ́ni tó mọ èso bíi tirẹ̀ ní Adó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Adébáyọ̀."

Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Màmá yíjú sí Monínúọlá, ojú rẹ̀ ń tàn, ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Ọdún mọ́kànlá ni Monínúọlá ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí. Ó dà bíi kí ilẹ̀ là kó wọ inú rẹ̀ lọ.

Bàbá Bámgbóyè, tó ti jẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, ló kọ́kọ́ nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dé orí wàrà, ó dúró. Ó fà á padà. Ó bi wọ́n léèrè pé ta ló fi kajú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wàrà. Pẹ̀lúmi ní kí ló dé, obìnrin kan sì ṣàlàyé fún un bí ẹni ń ṣàlàyé fún àlejò. Pẹ̀lúmi wo káàdì, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e pátá.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Èmi ni mo tò ó. Mi ò mọ̀ ni."

"Lóòótọ́, ìwọ ò mọ̀," Màmá dá a lóhùn. Kò wo Pẹ̀lúmi nígbà tó ń sọ ọ́. Monínúọlá ló ń wò. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó rọra ká a, ó ní kí wọ́n bá òun gbé pákó náà lọ sẹ́yìn. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká. Kò sẹ́ni tó béèrè nọ́ńbà Monínúọlá.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Pẹ̀lúmi ò pè é, òun náà ò lè pè é.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé kúlà lọ sí Ìjan bó ṣe máa ń ṣe. Ìbẹ́pẹ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ́n jù ní gbogbo Adó. Màmá kí i dáadáa, ó bi í léèrè ọ̀nà, ó fa kúlà sọ́dọ̀. Ó wá wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì wo inú kúlà náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.