Ẹni Tó Ń Dúró ní Ìsàlẹ̀ Odò

Orlene fi ìka tẹ afárá Hadley mọ́lẹ̀ lórí máàpù. "Ibí la ti máa wọ omi lọ́jọ́ Sátidé. Aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé òtútù ń mú yín."

Dub Tackett rẹ́rìn-ín sínú kọfí rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òun àti Wendell, ọkọ Orlene, fi jọ dẹ ìwọ̀ lórí odò Gasconade, kí Wendell tó kú ní oṣù Kejì. Orlene fúnra rẹ̀ ló pè é pé kó wá gbé òun wọ omi.

"Ìyàwó, o ò jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi rí, o wá ń pàṣẹ fún mi."

"Ta ni ò jẹ́ kí n jókòó sí i?"

Ibi tó ń dun Orlene gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ awakọ̀ ni tirẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Á já àwọn ọkùnrin méjèèjì sí òkè odò láàárọ̀, omi á máa gbé wọn lọ, wọ́n á máa ju ìwọ̀ sẹ́yìn òkúta níbi tí ẹja báàsì ẹlẹ́nu kékeré máa ń lúgọ sí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wa mọ́tò lọ dúró dè wọ́n ní ìsàlẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń wọlé, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń jáde. Gbogbo ohun tó wà láàárín, ẹnu Wendell ló ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun dání, ẹ̀rín ni Wendell fi dá a lóhùn: "Ta ló máa wá dúró dè wá?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó wù ú kí àwọn méjèèjì jọ rí odò náà. Ó ṣì ń wù ú, ẹni tí wọn ì bá jọ rí i ni ò sí mọ́.

"Máìlì méje," ni Dub wí, ó tẹjú mọ́ máàpù. "Omi ti fà díẹ̀. Láago márùn-ún, a ó ti jáde ní Pruitt nísàlẹ̀ odò."

"Ta ló máa wa mọ́tò wá pàdé wa? Àbúrò mi ní òun ò ráyè."

"Kí la fẹ́ fi àbúrò ẹ ṣe? A ó kọ́kọ́ gbé mọ́tò tèmi sí Pruitt láàárọ̀, ká wá fi tìẹ gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sókè. Ká tó jáde, mọ́tò ti wà nílẹ̀. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Orlene gbójú sókè.

"Dub, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní mọ́tò nígbà yẹn."

"A ní in."

"Kí wá lẹ fi mí ṣe?"

Dub ń yí ife rẹ̀ lọ, ó ń yí i bọ̀. "Èmi kọ́ ló yẹ kó o bi. Mo bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ó ní tí òun bá gbé mọ́tò síbẹ̀, mọ́tò náà lòun máa bá níbẹ̀. Tí aago mẹ́ta bá ti lù báyìí, kò ní ka ẹja sí mọ́. Á ní ká máa wa àjẹ̀, pé Orlene ti ń bọ̀."

Omijé bọ́ lójú Orlene, kò nù ún. Ó rántí bó ṣe máa ń dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ etí omi, tí á máa bínú pé wọ́n pẹ́, àti bí Wendell ṣe máa ń dìde dúró nínú ọkọ̀ kó tó gúnlẹ̀, tí Dub á máa pariwo pé kó jókòó, kó má dà wọ́n sómi. Nígbà yẹn, òun rò pé ẹsẹ̀ ló ń ro Wendell.

"Ẹ gbé mọ́tò yín síbẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé tí àwọn bá yọ sí Pruitt lọ́jọ́ Sátidé, ojú òun á kọ́kọ́ wá ẹni tó dúró létí omi, bí ojú Wendell ṣe máa ń wá òun.